Kí ni wọ́n fi ń wọn ìwé tí a fi tọrọ owó ìwádìí nípa àwọn aláàbọ̀ ara?

Ìbéèrè: “Ẹ káàárọ̀ o, bàbá. Ilé ìwòsàn kan ní agbègbè Ìsánlú ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì. Èmi àti olùkọ́ yunifásítì kan jọ kọ ìwé láti tọrọ owó ìwádìí lórí àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) kọlù, tí wọn kì í lè padà wá gba ìtọ́jú lẹ́yìn tí a bá ti ní kí wọ́n máa lọ sílé, nítorí owó ọkọ̀ àti ọ̀nà tí kò dára. A fẹ́ kọ́ àwọn ará ilé wọn ní bí wọn yóò ṣe máa ràn wọ́n lọ́wọ́. Wọ́n dá ìwé wa padà. Nínú máàkì 100, 54 ni a gbà. Níbi tí wọ́n ti wo bí ìṣòro náà ti wúwo tó, a fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti wo ọ̀nà tí a ó gbà ṣe ìwádìí, a kò gba ìdajì. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹni tó bá ní ènìyàn nínú ìgbìmọ̀ ló ń rí i gbà. Báwo gan-an ni wọ́n ṣe ń yẹ àwọn ìwé yìí wò, kí sì ni ká ṣe?”

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, arábìnrin, ẹ sì kú ìfaradà. Mo ka ìwé tí ẹ kọ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ka ojú ewé mẹ́ta tí àwọn olùyẹ̀wò fi dá yín lóhùn. Ìṣòro tí ẹ kọ nípa rẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Nígbà tí mo ṣì ń tọ́jú aláìsàn ní Kàbbà, bàbá kan wà tí wọ́n máa ń fi ọ̀kadà gbé wá láti ìhà Búnú. Ọlọ́kadà á wà níwájú, bàbá á wà láàárín, ìyàwó rẹ̀ á jókòó sẹ́yìn, á sì fi ọ̀já ìpọnmọ so ọkọ rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ kí ó má baà yẹ̀ ṣubú sí apá tí kò lágbára mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n wá. Nígbà kẹrin, ìyàwó nìkan ló wá, ó wá sọ fún mi pé owó ọkọ̀ ti tán, ó sì bẹ̀ mí pé kí n fi ohun tí mò ń ṣe fún ọkọ òun han òun kí òun máa ṣe é nílé. Nítorí náà, mo mọ̀ pé òótọ́ ni ẹ kọ. Àwọn olùyẹ̀wò náà gbà pé òótọ́ ni, máàkì tí wọ́n fún yín níbẹ̀ jẹ́rìí sí i. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi sí, ohun tó ń dùn yín ni pé ẹ rò pé bí ènìyàn bá ti lè fi hàn pé ìyà ń jẹ aláìsàn, owó yẹ kó tẹ̀ lé e.

Ibẹ̀ ni n ó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú aláìsàn ti máa ń ṣì í mú. Ìwé mẹ́jọ ni wọ́n gbé fún mi nígbà àkọ́kọ́ tí mo jókòó gẹ́gẹ́ bí olùyẹ̀wò. Ọ̀kan dá lé àwọn ọmọdé tí ẹsẹ̀ wọn wọ́ láti ìbí, òmíràn dá lé àwọn tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ, òmíràn dá lé àwọn adití tó fẹ́ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Kò sí èyí tí kò ká mi lára nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé ìyà ni wọ́n ní kí n wọ̀n, n kò mọ bí ǹ bá ti ṣe yan ọ̀kan kí n fi èkejì sílẹ̀. Ohun tí wọ́n ní kí n wọ̀n ni bóyá, tí wọ́n bá ná owó náà tán, a ó mọ ohun kan tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀, tí a ó sì lè gbẹ́kẹ̀ lé e. Bí ẹnìkan bá tọrọ owó láti ra kẹ̀kẹ́ arọ 50 fún àwọn ará Yàgbà, iṣẹ́ àánú gidi ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwádìí. Tó bá fẹ́ mọ irú kẹ̀kẹ́ tó lè pẹ́ lórí ọ̀nà eléruku pupa tó ń gun òkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, tí ẹni tó ni ín á sì lè dá fi lọ sọ́jà láìsí ẹni tó ń tì í, ìwádìí ti dé nìyẹn. Nínú ìwé yín, ojú ewé mẹ́fà ni ẹ fi sọ ìyà tó ń jẹ aláìsàn, méjì péré ni ẹ fi sọ bí ẹ ó ṣe rí ìdáhùn.

Bí àyẹ̀wò náà ṣe ń lọ kò le púpọ̀ láti lóye. Kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ olùyẹ̀wò, òṣìṣẹ́ àjọ tó ń fúnni lówó á kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹni tó kọ ọ́ lẹ́tọ̀ọ́ sí i, bóyá ojú ewé kò pọ̀ jù, bóyá fọ́ọ̀mù pé. Owó ìwádìí orílẹ̀-èdè tí TETFund, àjọ ìjọba Nàìjíríà tó ń fi owó ran ilé ẹ̀kọ́ gíga lọ́wọ́, ń fúnni, fún àpẹẹrẹ, àwọn olùwádìí ilé ẹ̀kọ́ gíga ìjọba ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà tí ẹ bá gba ọ̀nà yẹn, ẹnìkejì yín tó wà ní yunifásítì ni kó ṣáájú, kì í ṣe ẹ̀yin. Ìwé tó bá kọjá níbẹ̀ ni wọ́n ń pín fún àwọn olùyẹ̀wò, tí wọ́n á kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n á kọ ohun tí wọ́n rí, kí wọ́n tó pàdé láti jíròrò. Ní Amẹ́ríkà, àjọ ìjọba kan tó ń jẹ́ NIDILRR wà tó jẹ́ pé ìwádìí lórí àìpé ara àti ìmúpadàbọ̀sípò nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún 1978 ni wọ́n dá a sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ mìíràn, abẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ló sì wà kí òfin kan tí wọ́n ṣe ní 2014 tó gbé e lọ sábẹ́ ètò ìlera. Máàkì 100 ni wọ́n ń lò, bíi ti àwọn tó yẹ tiyín wò, wọ́n sì máa ń kọ ohun tí wọn yóò wò àti iye máàkì tó wà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìkéde tí wọ́n fi ń pe àwọn olùwádìí. Bí irú ìkéde bẹ́ẹ̀ bá fún ọ̀nà ìwádìí ní máàkì tó ju ti bí ìṣòro ṣe wúwo lọ, ó ti sọ ibi tó yẹ kí ojú ewé yín pọ̀ sí fún yín nìyẹn, ẹ kò sì nílò ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ kí ẹ tó mọ̀ ọ́n.

Ní NIH, àjọ ìwádìí ìlera tó tóbi jù ní orílẹ̀-èdè kan náà, 1 sí 9 ni wọ́n fi ń wọn ìwé, 1 ló sì dára jù níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń yọ̀ pé òun gba 7. Olùyẹ̀wò mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń fún ní ìwé kan, ọ̀pọ̀ àwọn ìwé ni wọn kì í sì jíròrò rárá nípàdé, nítorí pé máàkì tí àwọn mẹ́ta yìí kọ́kọ́ fún wọn kò dára tó. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 ni wọ́n ti kó ohun tí wọ́n ń wò jọ sí ọ̀nà mẹ́ta: bóyá ìwádìí náà ṣe kókó, bóyá ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ gbà ṣe é dúró ṣánṣán tó sì ṣeé ṣe, àti bóyá àwọn olùwádìí àti ibi iṣẹ́ wọn kájú rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni wọ́n ń fún ní máàkì. Ẹ̀kẹta, wọ́n kàn ń sọ bóyá ó tó tàbí kò tó ni, ọ̀kan lára ìdí tí wọ́n sì fi ṣe bẹ́ẹ̀ ni kí orúkọ ńlá àti yunifásítì ńlá má baà máa tàn wọ́n jẹ. Mo fara mọ́ àtúnṣe yẹn gan-an, nítorí ẹni tó ń ti Ìsánlú kọ̀wé.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọ̀dọ̀ ọ̀nà ìwádìí, níbi tí ìwé yín ti fọ́. Ẹ ní ẹ ó kọ́ ará ilé aláìsàn 40, pé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ẹ ó wò ó bóyá “ara aláìsàn ti yá sí i.” Olùyẹ̀wò kejì kọ gbólóhùn kan síbẹ̀ tó dà bíi pé ó le, àmọ́ òun gan-an ló ṣe yín lóore jù. Ó bèèrè pé báwo ni ẹ ó ṣe mọ̀ pé ẹ̀kọ́ yín ló mú ara wọn yá. Ẹ̀yin náà mọ̀ látinú iṣẹ́ yín pé oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́yìn àrùn rọpárọsẹ̀ ni ara máa ń padà bọ̀ jù lọ fúnra rẹ̀, yálà ẹnìkan kọ́ ìyàwó ní nǹkan kan tàbí kò kọ́ ọ. Tí ẹ bá wọn aláìsàn lónìí, tí ẹ tún wọ̀n wọ́n lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ó dájú pé ọ̀pọ̀ wọn á ti sàn sí i, ẹ ó sì yọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì mọ nǹkan kan. Àfi kí àwọn mìíràn wà tó ń gba ìtọ́jú tí wọ́n ti ń gbà tẹ́lẹ̀, kí ẹ lè fi ti ìhín wé ti ọ̀hún. Mo mọ̀ pé ọkàn yín ò ní gbà á láti fi àwọn kan sílẹ̀, ó sì wà nínú lẹ́tà yín. Ọ̀nà wà tí a ń gbà ṣe é láìṣẹ̀ wọ́n: àwọn wọ̀nyí á gba ìtọ́jú wọn bó ṣe máa ń rí, tí ìwádìí bá sì parí, ẹ ó kọ́ ará ilé tiwọn náà. Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí ẹni tó mọ ilẹ̀ wa á tètè rí. Ìyàwó aláìsàn tí ẹ kọ́ lónìí, kí oòrùn tó wọ̀, ó ti fi han ìyàwó aláìsàn tó wà ní agboolé kejì, ìhà méjèèjì á sì dà pọ̀ mọ́ra wọn. Nítorí náà, ìlú sí ìlú ni kí ẹ pín in, kì í ṣe ẹnìkan sí ẹnìkan. Ìyẹn á jẹ́ kí iye ènìyàn tí ẹ nílò pọ̀ sí i, ẹ sì nílò onímọ̀ ìṣirò tí yóò bá yín ṣírò rẹ̀.

Ìdí tí 40 fi ń kọ olùyẹ̀wò lóminú náà nìyẹn. Kì í ṣe pé ó kéré, bí kò ṣe pé kò sí ibi tí ẹ ti sọ ibi tí ẹ ti rí i. Iye ènìyàn máa ń ti inú ìyàtọ̀ tí ẹ ń retí jáde, ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣírò àwọn tí yóò bọ́ lọ́nà mọ́ ọn. Bí ẹ bá fẹ́ kí ó ku 80 lọ́wọ́ yín ní ìparí, tí ẹ sì rò pé ìdá kan nínú márùn-ún yóò bọ́ lọ́nà, 100 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ẹ tún wo kàlẹ́ńdà. Ètò yín fi ìwọ̀n ìkẹyìn sí oṣù kẹta ọdún, nígbà tí kajú ń já, tí gbogbo ẹni tó lè bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wà lóko, títí kan ará ilé tí ẹ fẹ́ rí. Olùyẹ̀wò tó wà ní Àbújá lè má mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti gbé ìwọ̀n náà kúrò ní àsìkò kajú, á mọ̀ pé ẹni tó mọ ibi tí òun ń lọ ló kọ ìwé náà. “Ara yá” ńkọ́? Ẹ sọ bí ẹ ó ṣe wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà kan wà tí ẹ ń lò lójoojúmọ́: aláìsàn á jókòó sórí àga, ẹ ó ní kó dìde, kó rin mítà 3, kó yí padà, kó wá jókòó, ẹ ó sì ka iye ìṣẹ́jú-àáyá tó lò. Àga kan, okùn ìwọ̀n kan àti aago inú fóònù ló gbà, a sì lè ṣe é ní àgbàlá ẹnikẹ́ni. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí nínú ìwé yín.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn olùyẹ̀wò kò sọ fún yín ní gbangba, ṣùgbọ́n tí mo gbàgbọ́ pé ó jẹ máàkì yín. Ní 2017, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tó ń jẹ́ ATTEND, tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn 14 ní Íńdíà pẹ̀lú aláìsàn 1,250. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an ni wọ́n ṣe: wọ́n kọ́ ará ilé ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù kó lè máa ràn án lọ́wọ́ nílé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, kò sí ìyàtọ̀ nínú iye àwọn tó kú tàbí tí wọn kò lè dá ṣe nǹkan fúnra wọn. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹ má ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n olùyẹ̀wò tó mọ̀ nípa rẹ̀ á kà títí dé ìparí, á máa wá ibi tí ẹ ti dárúkọ rẹ̀, tí kò bá rí i, á rò pé ẹ kò wo ohun tí àwọn mìíràn ti ṣe. Ẹ dárúkọ rẹ̀ ní ojú ewé àkọ́kọ́, kí ẹ sì sọ ohun tí tiyín fi yàtọ̀. Ẹ̀kọ́ tiwọn bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ó sì ń bá a lọ nílé fún nǹkan bí oṣù méjì; tó bá jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ni yóò máa bẹ àwọn tiyín wò nílé léraléra, fún ìgbà tó pẹ́ ju ìyẹn lọ, ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi rò pé ìyẹn lè mú ìyàtọ̀ wá.

Ìbéèrè mìíràn tí ó ń gba ọ̀pọ̀ máàkì nínú irú ìwádìí yìí ni ipa tí àwọn aláàbọ̀ ara fúnra wọn kó nínú rẹ̀. Ní NIDILRR, àwọn aláàbọ̀ ara wà lára àwọn tó ń yẹ ìwé wò, mo sì rò pé ó yẹ kó rí bẹ́ẹ̀ níbi gbogbo. Ẹ fi lẹ́tà ìtìlẹ́yìn ẹgbẹ́ kan mọ́ ìwé yín, ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ìtọrọ parí ni wọ́n fọwọ́ sí i, olùyẹ̀wò sì rí i. Mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí fúnra mi. Nígbà kan, mo gbé ìwé ìbéèrè kan lọ bá ọkùnrin kan ní Mọ̀pà tí rọpárọsẹ̀ ọmọdé (polio) mú ní ẹsẹ̀ méjèèjì. Ìbéèrè kẹta ni pé, “Ǹjẹ́ ẹ lè rìn dé oko?” Ó wò mí, ó ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lòun ń gùn lọ, pé òun máa ń jókòó sílẹ̀ kọ ebè, oko òun sì ju ti àbúrò òun tó ń rìn lọ. Pẹ̀lú ìbéèrè mi, ẹni tí kò lè ṣe nǹkan kan ni ǹ bá kọ ọ́ sí. Ó tún ìbéèrè mẹ́rin ṣe fún mi lọ́jọ́ náà, a sì san owó fún un gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́. Òun náà ló jẹ́ kó yé mi ìdí tí ìbéèrè mẹ́fà tí Washington Group, ìgbìmọ̀ àgbáyé kan lórí kíka àwọn aláàbọ̀ ara, gbé kalẹ̀ fi dára fún kíka àwọn ènìyàn: kì í bèèrè pé ṣé aláàbọ̀ ara ni ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ á sẹ́ ẹ. Bí ìríran, ìgbọ́ràn, ìrìn, ìrántí, ìtọ́jú ara ẹni àti ìbánisọ̀rọ̀ ṣe ń ni ènìyàn lára tó ló ń bèèrè.

Nípa owó, ẹ má ṣe dín in kù kí wọ́n lè fún yín. Owó tó kéré ju iṣẹ́ lọ máa ń kọ olùyẹ̀wò lóminú ju èyí tó pọ̀ díẹ̀ lọ. Ìwádìí yín dá lé àwọn tí kò rówó ọkọ̀, síbẹ̀ n kò rí owó ọkọ̀ aláìsàn kankan nínú ètò ìnáwó yín, bẹ́ẹ̀ ni n kò rí ti ẹni tí yóò dì í mú wá. Ẹ fi í sí i. Ẹ tún sọ bí ẹ ó ṣe gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tí àrùn náà ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ìgbìmọ̀ tó ń mójú tó ẹ̀tọ́ àwọn tí a fi ń ṣe ìwádìí yóò bèèrè, ìka tí ẹ bá kàn tẹ̀ sórí ìwé kò sì ní tó wọn.

Ọ̀rọ̀ pé ẹni tó bá ní ènìyàn nìkan ló ń rí i gbà, n ó dáhùn rẹ̀ bí mo ti mọ̀ ọ́n. Nínú àwọn ìgbìmọ̀ tí mo ti jókòó, ẹni tó bá bá olùtọrọ ṣiṣẹ́ pọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, á sì jáde kúrò nínú yàrá tí wọ́n bá dé orí ìwé náà. Èmi náà ti jáde rí. Ṣùgbọ́n n kò ní sọ fún yín pé òṣùwọ̀n náà kò ní àbùkù. Àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé ìwé 25 fún olùyẹ̀wò 43, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018: ohun tí ẹnìkan rí gẹ́gẹ́ bí ìwé tó dára, ẹlòmíràn kò rí i bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, gbogbo iṣẹ́ 25 náà ni NIH padà fún lówó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn kò rí i gbà nígbà àkọ́kọ́; ìyẹn ni pé àárín àwọn ìwé tó dára ni èrò wọn ti yapa. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ 78 ni ẹ gbà, ǹ bá sọ pé oríire ló kù. 54 kì í ṣe ọ̀rọ̀ oríire.

Ọ̀nà méjì ló wà níwájú yín. Ẹ lè tún ìwé náà ṣe kí ẹ sì dá a padà fún àjọ kan náà tí wọ́n bá tún ṣí i, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ tọrọ owó kékeré láti ṣe àdánwò pẹ̀lú aláìsàn bíi 12. Èkejì ni ǹ bá yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé á gbà tó ọdún kan, tí a kò sì ní rí ìdáhùn sí ìbéèrè ńlá náà níbẹ̀. Àdánwò kékeré kò lè sọ bóyá ẹ̀kọ́ yín wúlò, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín láti kọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè sọ ni iye àwọn tó gbà láti kópa nínú àwọn tí ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn, iye tó ṣẹ́kù lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àti ohun tí òjò ṣe sí ọ̀nà yín. Àwọn iye wọ̀nyí ni yóò gba ipò 40 tí kò ní ìdí. N kò lè ṣèlérí pé wọn yóò fún yín lówó lẹ́yìn rẹ̀, mo ti rí ìwé tó dára tí kò rí i gbà.

Kí ẹ tó kọ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kọ ìdáhùn sí olùyẹ̀wò kejì, gbólóhùn sí gbólóhùn, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí mi. Lẹ́yìn náà, ẹ mú okùn ìwọ̀n àti fóònù yín, ẹ lọ sí ilé aláìsàn mẹ́ta tí kò wá mọ́, ọ̀kan ní ìtòsí, ọ̀kan ní ọ̀nà jíjìn, ọ̀kan ní ibi tí mọ́tò kì í dé. Ẹ kọ iye wákàtí tí ìbẹ̀wò kọ̀ọ̀kan gbà àti iye tí ẹ ná sílẹ̀, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn náà ohun tó ti ń ṣe láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò lọ́dọ̀ yín.